Bí Ìwé Ayò Ṣe Ń Ṣiṣẹ́: Láti Òkè Firetop Dé Òkè Adó

Ìwé kan wà tí ẹni tó bá kà á tẹ̀lé ara láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn kò ní mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ. Ìpínrọ̀ kan lè máa sọ̀rọ̀ ihò àpáta, èyí tó tẹ̀lé e yóò bẹ́ sórí ìjà tí òǹkàwé kò mọ ohun tó fà á, èyí tó tún tẹ̀lé e yóò sọ fún un pé ó ti kú. Kì í ṣe òǹtẹ̀wé ló da ojú ewé rú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìbéèrè ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀tún lo fẹ́ yà ni àbí òsì? Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún, lọ sí nọ́ńbà báyìí. Bí ó bá jẹ́ òsì, lọ sí nọ́ńbà báyìí. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni akọni ìtàn náà. Òun ló ń rìn, òun ló ń jà, bí ó bá sì kú, á padà sí nọ́ńbà 1.

Èyí tó lókìkí jù nínú irú ìwé ayò bẹ́ẹ̀ tó ń lo dáìsì ni The Warlock of Firetop Mountain, tí Steve Jackson àti Ian Livingstone kọ, tí Puffin gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1982. Ìpínrọ̀ 400 ló wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni èmi ti kọ́kọ́ rí i, láàárín àwọn ìwé àlòkù tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan kó bọ̀ láti Ìbàdàn. Ẹni tó ni ín kó tó kàn wá ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sínú àwọn àpótí kéékèèké tó wà níwájú ìwé náà, ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́, ó ti tún òmíràn kọ, ó sì ti pa ìyẹn náà rẹ́ títí bébà ibẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ojú ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹni yẹn ti kú lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà náà, bí ẹni pé ìwé náà ń ronú ló rí lójú wa. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń dáhùn, ó mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tí kò mú un. Nísinsìnyí tí mo tún gbé e kalẹ̀ tí mo fi ojú àgbà wò ó, mo rí bí wọ́n ṣe to àwọn irin inú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí irin kan níbẹ̀ tí olùkọ́ Yorùbá kan ní Ṣakí tàbí Òkèhò kò lè rọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà lọ́wọ́ òǹkàwé: ìwé, pẹ́ńsùlù, àti dáìsì méjì. Dáìsì lúdò tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìsọ̀ tó. Kí akọni tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí òun jẹ́, nọ́ńbà mẹ́ta ló sì máa sọ ìyẹn fún un. Àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n ìjà: ju dáìsì kan, fi 6 kún un. Ìkejì ni agbára: ju dáìsì méjì, fi 12 kún un. Ìkẹta ni oríire: ju dáìsì kan, fi 6 kún un. Nítorí náà, ẹni tí ọgbọ́n ìjà rẹ̀ kéré jù lọ máa ní 7, ẹni tó ga jù máa ní 12. Agbára máa wà láàárín 14 sí 24. Oúnjẹ mẹ́wàá wà nínú àpò rẹ̀, èyí tó bá jẹ lára rẹ̀ máa dá 4 padà sínú agbára rẹ̀, àmọ́ kò lè jẹ ẹ́ títí agbára á fi ju iye tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ. Ó tún ní idà, àtùpà àti oògùn olómi kan tó máa fúnra rẹ̀ yàn.

Bí ìjà bá dé, ìwé á sọ ọgbọ́n ìjà àti agbára ọ̀tá. Ká ní ọ̀tá náà ní ọgbọ́n 7 àti agbára 6, tí ìwọ ní ọgbọ́n 9. Ju dáìsì méjì fún ọ̀tá, kí o fi 7 kún un. Ju dáìsì méjì fún ara rẹ, kí o fi 9 kún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ṣá ẹnì kejì lọ́gbẹ́, agbára ẹni tó gbọgbẹ́ á sì dín ní 2. Bí méjèèjì bá dọ́gba, idà pàdé idà, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ẹ máa jù ú lọ bẹ́ẹ̀ títí agbára ẹnì kan á fi di òdo. Gbogbo ìjà inú ìwé náà kò ju èyí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá máa mọ̀ ọ́n kí omi ẹ̀bà tó hó.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá, èmi kò sì mọ̀ ọ́n títí mo fi mú bíìrò ṣírò rẹ̀. Dáìsì kan ṣoṣo tí òǹkàwé kọ́kọ́ jù ló ń pinnu bóyá yóò là á já. Bí ọgbọ́n ìjà rẹ bá jẹ́ 7, tí ti ọ̀tá jẹ́ 9, nínú ìkọlù 100 ọ̀tá á ṣá ọ ní nǹkan bí ìgbà 66, ìwọ á ṣá a ní nǹkan bí 24, ìyókù á jẹ́ ọ̀mì. Bí tìrẹ bá jẹ́ 11, gbogbo rẹ̀ á yí padà: ìwọ ló máa ṣá a ní ìgbà 66. Bí ìyàtọ̀ bá sì di 4, ẹni tó lágbára jù á borí nínú ìkọlù 84 nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tó ju 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ń rìn lọ sí ikú rẹ̀ kó tó ya ojú ewé àkọ́kọ́, bó ti wù kó gbọ́n tó. Àwa ọmọdé mọ̀ ọ́n lára láìmọ ìṣirò kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú 7 rí. A máa ń ní dáìsì náà já bọ́ sílẹ̀, pé kò kà.

Oríire ni wọ́n gbọ́n sí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìwé á ní kí o dán orí rẹ wò. O máa ju dáìsì méjì. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ju iye oríire rẹ lọ, orí gbè ọ́. Bí ó bá jù ú lọ, orí kò gbè ọ́. Àmọ́ bó gbè ọ́ o, bí kò gbè ọ́ o, oríire rẹ á dín ní 1. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 12 kò lè pàdánù nígbà àkọ́kọ́. Tó bá di 9, ìgbà 30 nínú 36 ni yóò jẹ ẹ́. Tó bá di 7, ìgbà 21 nínú 36. Tó bá fi máa di 6, èyí tí yóò pàdánù ti pọ̀ ju èyí tí yóò jẹ lọ. O tún lè lò ó láàárín ìjà: bí o bá ṣá ọ̀tá, o lè dán orí rẹ wò kí ọgbẹ́ náà lè di 4 dípò 2, àmọ́ bí orí bá kọ̀, ọgbẹ́ náà á di 1 péré. Ìwé míì ì bá jẹ́ kí dáìsì ṣe ohun tó wù ú. Èyí fi oríire ṣe owó tí a ń ná. Àwọn tó ń náwó lásán níbẹ̀rẹ̀ á dé iwájú oṣó ńlá tó ń gbé inú òkè náà pẹ̀lú àpò òfìfo. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà nígbà èwe, mi ò rí èyí tó fi ọ̀rọ̀ orí hàn mí kedere báyìí, àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ kò sì mọ nǹkan kan nípa orí tiwa.

Báwo wá ni ìwé ṣe ń rántí pé o mú kọ́kọ́rọ́? Kò rántí. Òǹkàwé ló ń rántí, pẹ́ńsùlù rẹ̀ ló ń rántí. Nínú Firetop, àwọn kọ́kọ́rọ́ kan wà káàkiri inú òkè náà, nọ́ńbà sì wà lára kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí o bá dé ibi àpótí ìṣúra, ìwé kò ní kàn bi ọ́ pé ṣé o ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ẹni tí kò ní lè purọ́. Á ní kí o ro nọ́ńbà ara àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ pọ̀, kí o sì lọ sí ìpínrọ̀ tó ń jẹ́ àpapọ̀ náà. Ẹni tí kò rí kọ́kọ́rọ́ kò mọ nọ́ńbà, ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kò mọ ibi tí yóò ṣí. Ọgbọ́n kékeré ni, àmọ́ òun ló sọ bébà lásán di ohun tó ní ìlẹ̀kùn tó tì pa.

Ohun tó tún máa ń ya àgbà lẹ́nu ni bí ìpínrọ̀ 400 ṣe tó. Ẹ wò ó: bí gbogbo oríta bá pín sí méjì, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún pín sí méjì, tí kò sì sí èyí tó padà pàdé èkejì, lẹ́yìn ìpinnu mẹ́jọ péré òǹkọ̀wé ti nílò ìpínrọ̀ 511. Ìwé ti tán, akọni kò tíì rìn jìnnà. Nítorí náà, àwọn ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa padà wọ inú ara wọn. Ẹni tó kúrò ní Ìṣẹ́yìn lè gba Òkèhò, ó lè gba Ọ̀tu, ohun tí ojú rẹ̀ máa rí lọ́nà méjèèjì yàtọ̀, àmọ́ Ṣakí ni yóò bọ́ sí. Bí Firetop ṣe rí gan-an nìyẹn. Odò kan la àárín òkè náà kọjá, kò sì sí akọni tó máa dé ìdí ìṣúra láìsọdá rẹ̀. Odò yẹn tún ní iṣẹ́ kan tí òǹkàwé kò mọ̀. Livingstone ló kọ apá ibí, títí dé etí odò. Jackson ló kọ apá ọ̀hún. Ọwọ́ wọn kò jọra, nítorí náà Jackson ní láti tún àwọn ibì kan kọ kó tó dà bíi pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kọ́ ni ìwé kíkọ tẹ́lẹ̀. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan ló dá ilé iṣẹ́ Games Workshop sílẹ̀ ní 1975, wọ́n ń ta ayò orí tábìlì. Obìnrin kan tó jẹ́ olóòtú ní Penguin ló rí ọ̀pọ̀ èrò níbi àríyá ayò tí wọ́n ṣe ní 1980, ó sì ní kí wọ́n kọ ìwé tó máa ṣàlàyé irú ayò bẹ́ẹ̀ fún aráyé. Wọ́n rò ó pé dípò kí wọ́n ṣàlàyé ayò, kí wọ́n kúkú fi ìwé ta á. Ìwé wọn àti àwọn tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní Fighting Fantasy. Puffin tẹ 59 nínú rẹ̀ títí di 1995. Livingstone ti di Sir Ian báyìí, láti 2022. (Ẹ má ṣe ṣi Jackson mú o: Steve Jackson mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tí òun náà ń ṣe ayò, ó sì kọ mẹ́ta nínú ìwé yìí kan náà.)

Kì í ṣe àwọn ló dá irú ìwé yìí sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń tẹ Choose Your Own Adventure láti 1979, èyí tí kò lo dáìsì, tí òǹkàwé kàn ń yan ọ̀nà. Edward Packard tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe ohun kan ní 1982 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nínú Inside UFO 54-40, ayé aláfíà kan wà tí gbogbo ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ewé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbangba, àmọ́ kò sí ìpinnu kankan tó gbé òǹkàwé dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé kiri láìtẹ̀lé òfin nìkan ló máa rí i.

Ìyẹn gbé mi dé orí ìwà tí gbogbo wa hù. Kò sí ọmọ tó ka ìwé ayò tí kò fi ìka há ojú ewé tó ti kúrò, kó lè sá padà bí ibi tó lọ bá burú. Mo rí àwọn tó fi ìka mẹ́ta há a pọ̀. Nígbà èwe, mo gbà pé ojúkòkòrò ni. Èrò mi ti yàtọ̀ báyìí: ẹ̀bi òǹkọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìwé bá gbé mi dé oríta, tó ní kí n yà sí òsì tàbí ọ̀tún, tí kò sì sọ ohun kan tí mo fi lè mọ ìyàtọ̀, ìyẹn kì í ṣe yíyàn, dáìsì ni wọ́n tún gbé fún mi lọ́nà mìíràn. Firetop ṣẹ̀ nínú èyí. Lẹ́yìn odò, ìwé náà gbé òǹkàwé wọ inú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan tó kún fún òsì àti ọ̀tún tí kò ní àmì, èèyàn á máa yí nínú rẹ̀ títí á fi sú u. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti pa ìwé dé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo tún ti pa á dé nígbà tí mo padà sí i.

Wàyí o, ìwé tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ bá wọ igbó iwin ti wà ṣáájú Firetop ní ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Ọ̀yọ́ ni Fágúnwà ti kàwé ní St. Andrew's, tó sì ti ṣe olùkọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ti kà á, tó sì wá ka Firetop, yóò rí i pé egungun wọn jọra gidigidi: Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn Fágúnwà, gbéra pẹ̀lú ìbọn àti oògùn, ó pàdé iwin kan, ó bá a jà tàbí ó tàn án, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún pàdé òmíràn. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, Fágúnwà ṣe ohun tí Jackson àti Livingstone kò ṣe. Ó kó àwọn akọni tí ẹ̀bùn wọn yàtọ̀ síra jọ: Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, ohùn Olóhùn-iyọ̀ kò lẹ́gbẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Bí wàhálà bá dé, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni kó jáde sí i. Ìbéèrè yẹn ga ju òsì àti ọ̀tún lọ, nítorí òǹkàwé mọ ohun tí kálukú lè ṣe, ó sì lè fi ìyẹn ronú.

Ohun tí kò sí nínú Fágúnwà ni ẹnu ọ̀rọ̀ fún òǹkàwé. Àkàrà-oògùn ló ń ròyìn, ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ tán. A kò lè ní kí Kàkó dúró sílé.

Ká tó sọ pé kí àyànmọ́ àti ìpinnu wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà ṣàjèjì sí wa, ẹ jẹ́ ká rántí bí Ifá ṣe ń sọ̀rọ̀. Mi ò pe Ifá ní eré o. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde níbẹ̀ ni mo ń wò. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, ìyẹn ló fi di odù 256. Ohun tí babaláwo bá dá, kò sí ẹni tó yàn án. Àmọ́ lábẹ́ odù kan, ẹsẹ pọ̀. William Bascom tó kọ ìwé lórí Ifá ní 1969 kíyè sí i pé ẹni tó wá dá Ifá ló máa ń mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu nínú àwọn ẹsẹ tí babaláwo ń kì. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló mọ yàrá tó wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìwé ayò kékeré kan tiwa. Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí wà, kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti Fágúnwà. Ọ̀dàn ni, àpáta ni; ojú ń ríran jìnnà níbẹ̀. Mo rò pé ìyẹn dára fún ìwé ayò ju igbó lọ, nítorí ẹni tó bá rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, tàbí tó rí ipa ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀, ti ní ohun tó lè fi yan ọ̀nà. Mo mú Òkè Adó, ní Adó-Àwáyè nítòsí Ìṣẹ́yìn, níbi tí omi Ìyákẹ̀ wà lórí àpáta, tí èèyàn ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 300 kó tó débẹ̀. Ìpínrọ̀ méje péré:

1. Ìdájí ni. O dúró nísàlẹ̀ Òkè Adó, àpò ọdẹ wà léjìká rẹ. Bàbá kan tó ń tẹ̀gi bọ̀ látòkè sọ fún ọ pé òjò rọ̀ lóru, pé ibi tóóró òkè ń yọ̀, pé ẹni tí kò bá ní ohun tó máa dì mú kó ṣọ́ra. Bí o bá fẹ́ gba orí àtẹ̀gùn, lọ sí 4. Bí o bá fẹ́ gba ẹ̀yìn òkè, níbi tí àwọn ọdẹ máa ń sinmi, lọ sí 2.

2. Koríko ẹ̀yìn òkè ga jù ọ́ lọ. Ẹ̀gún ya ọ́ lẹ́sẹ̀: yọ 2 kúrò nínú agbára rẹ. Níbi ààrò àwọn ọdẹ, o rí okùn kan tí wọ́n gbàgbé sórí ẹ̀ka emi. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ní okùn, kí o sì kọ 3 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ sí 4.

3. Kò sí ọ̀nà tó gbé ọ débí. Ojú ewé lò ń ṣí kiri. Padà sí 1, kí o sì yọ 1 kúrò nínú oríire rẹ.

4. O dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Bí o bá ní okùn, fi nọ́ńbà rẹ̀ kún nọ́ńbà ìpínrọ̀ yìí, kí o lọ síbẹ̀. Bí o kò bá ní, dán orí rẹ wò. Bí orí bá gbè ọ́, lọ sí 6. Bí kò bá gbè ọ́, lọ sí 5.

5. Ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àpáta. Yọ 4 kúrò nínú agbára rẹ. Bí ó bá ti di òdo, ìrìn rẹ parí síbí. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, dìde, lọ sí 6.

6. Omi Ìyákẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ lórí àpáta, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. O ti dé.

7. O so okùn mọ́ òkúta, o dì í mú, o kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ sí 6.

Yàtọ̀ sí ìjà, gbogbo irin tí mo dárúkọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní 4. Okùn ni kọ́kọ́rọ́: 4 àti 3 di 7, ẹni tí kò rí okùn kò mọ ibẹ̀. Ìpínrọ̀ 3 ń dúró de ẹni tó ń fi ìka há ojú ewé. Bàbá tó ń tẹ̀gi bọ̀ ni àmì: ó ti sọ ohun tó wà níwájú kí oríta tó dé, nítorí náà ẹni tó gba orí àtẹ̀gùn tó sì já bọ́ kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọ̀nà ẹ̀yìn gba 2 lọ́wọ́ rẹ láìjiyàn. Ọ̀nà iwájú lè má gba ohunkóhun nínú agbára rẹ, ó sì lè gba 4. Ẹni tí oríire rẹ̀ pọ̀ máa gba iwájú, ẹni tí tirẹ̀ kéré máa gba ẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ bá ti ń ṣe irú ìṣirò yìí lórí ara rẹ̀, ìwé ti mú un.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ kò le. Àwòrán ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sórí bébà fífẹ̀, kí ẹ fi ilà so ibì kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Ẹ wá ibi méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ọ̀nà gbọ́dọ̀ gbà, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá fún wọn ní nọ́ńbà, kí ẹ sì da nọ́ńbà náà rú, kí ẹni tó ń ka 12 má baà rí ìdáhùn rẹ̀ ní 13. Kìkì ibi ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó dúró sí àyè rẹ̀. Nínú Firetop, òpin wà ní 400, gbogbo ọmọ ló sì kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo ètò tí wọ́n ń pè ní Twine, ọ̀fẹ́ ni láti 2009, á máa ya àwọn ilà náà fúnra rẹ̀. Ìwé kíkọ olójú ewé 40 náà á ṣe é.

Nípa ọgbọ́n ìjà, ẹ má ṣe jẹ́ kí dáìsì kan pa ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún gbogbo wọn ní 9, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ohun tó ń fi kún un lọ́nà. Tàbí kí ẹ ṣe bí Fágúnwà: ẹ jẹ́ kí òǹkàwé yan ẹ̀bùn méjì nínú márùn-ún, kí oríta kọ̀ọ̀kan sì máa béèrè ẹni tó ní ẹ̀bùn báyìí.

Ilé àwọn òǹkọ̀wé wà ní Ìṣẹ́yìn, ní Ẹbẹ́dì, tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ ní 2010. Àwọn òǹkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń wá gbé ibẹ̀ kọ̀wé, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ìlú náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, àti ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Ṣakí, Kíṣì, Ìgbòho àti Òkèhò, ẹ dán èyí wò pẹ̀lú kíláàsì kan ní táàmù tó ń bọ̀: ìpínrọ̀ ọgbọ̀n, òkè tàbí odò ìlú yín, dáìsì lúdò. Ẹ gbé e fún ọmọ kíláàsì mìíràn, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti ń fi ìka há ojú ewé, ẹ sàmì sí i. Ibẹ̀ lẹ ti gbàgbé láti fi àmì sí ojú ọ̀nà.